Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta ló ní kí akàndá ẹ̀dá dúró síta?

Ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá la ya ojú ewé yìí sọ́tọ̀ fún lóṣù yìí. A mú ìbéèrè méje nínú èyí tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́, a gé èyí tó gùn jù kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tọ́rọ̀ kàn kúrò. Ẹni tó bá ń retí pé àánú la fẹ́ fi dáhùn, kó lọ mú téèpù ìdíwọ̀n wá ná. A máa lò ó.

Mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní àtẹ̀gùn mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wa kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ò wá Jímọ̀ mọ́, ó ti sú wọn kí àwọn ọ̀dọ́ máa gbé wọn bí ẹrù. A ti dáwó jọ. Bíríkìlà ní òun á da kọnkéré sórí ìdajì àtẹ̀gùn náà, ó parí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Akọ̀wé ìgbìmọ̀, Òṣogbo

Ẹ dá bíríkìlà yẹn dúró. Ohun tó fẹ́ ṣe yẹn, ọ̀kadà ló lè gùn ún. Kọnkéré tí wọ́n bá dà lé àtẹ̀gùn lórí á le ní gígùn bí àtẹ̀gùn náà gan-an ni. Bí bàbá bá ń gùn ún lọ, kẹ̀kẹ́ á fẹ̀yìn balẹ̀; bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ wọn ò ní lè dá táyà dúró.

Ráǹpù, ìyẹn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ń gbà gòkè, lẹ nílò. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń lò rọrùn láti rántí: íǹṣì kan ní gíga, ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn. Àtẹ̀gùn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní íǹṣì 6 jẹ́ íǹṣì 24. Ráǹpù yín gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24 nìyẹn. Ẹ má fojú díwọ̀n gíga yẹn o. Ẹ ní kí bíríkìlà lo rọ́bà omi tó fi ń mú ìpele ilé, kó wọ̀n ọ́n láti ibi tí ẹsẹ̀ ráǹpù máa wà gan-an títí dé ojú ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ ìta sábà máa ń dà gẹ̀rẹ́, ohun tẹ́ ẹ pè ní íǹṣì 24 lè di 29 nígbà tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n tán, ráǹpù náà á sì fi ẹsẹ̀ bàtà 5 gùn sí i.

Ẹ máa ní àyè ò gba ẹsẹ̀ bàtà 24. Ta ló ní kó lọ tààrà? Ẹ fi ti ara ògiri, kó lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kó ṣẹ́rí padà, kó tún lọ ní 12. Níbi tó ti ṣẹ́rí, ẹ ṣe ilẹ̀ títẹ́jú tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, tó sì fẹ̀ tó ọ̀nà méjèèjì lápapọ̀, kí kẹ̀kẹ́ ráyè yí. Ẹ tún ṣe irú rẹ̀, 5 sí 5, lókè níwájú ilẹ̀kùn. Àìsí tòkè yìí ló ń da ọ̀pọ̀ ráǹpù rú: ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò lè fi ọwọ́ kan di táyà mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó tún fi ìkejì fa ilẹ̀kùn. Bí gíga gbogbo rẹ̀ bá ju íǹṣì 30 lọ, ibi ìsinmi láàárín di dandan, yálà ó ṣẹ́rí tàbí kò ṣẹ́rí.

Fífẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 4. Etí rẹ̀ méjèèjì, ẹ gbé e sókè ní íǹṣì 4 kí táyà má baà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Irin ìdìmú lọ́tùn-ún lósì, láàárín íǹṣì 34 sí 38 sókè, kí wẹ́dà jẹ́ kó gùn kọjá ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ráǹpù ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí kọnkéré bá ti ń gbẹ díẹ̀, kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ fà á ní ìbú, kó má baà máa yọ̀. Ẹ má lẹ táìsì dídán sí i. A mọ̀ pé ìgbìmọ̀ fẹ́ kó rẹwà, ṣùgbọ́n omi àlùwàlá á dé ibẹ̀, táìsì olómi á sì gbé àgbàlagbà tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn gan-an ṣubú.

Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn. Ẹ ṣí i tán pátápátá kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, láti ojú ilẹ̀kùn dé férémù òdìkejì. Kó má dín sí íǹṣì 32. 36 ló dára jù. Bí ibi tí ẹsẹ̀ ń rékọjá bá yọ ju ìdajì íǹṣì lọ, kí káfíńtà fá a. Ẹ wo orí gọ́tà iwájú ọgbà náà: pákó méjì tó ní àlàfo láàárín ni táyà kékeré iwájú kẹ̀kẹ́ máa ń há sí.

Bí iṣẹ́ bá parí tán, ọ̀tá ráǹpù ni bàtà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn á bọ́ bàtà wọn sí i torí ó tẹ́jú ó sì mọ́. Lọ́jọ́ kejì, jẹnẹrétọ̀ á dé síbẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa lé wọn kúrò, kí ẹ sì kan àpótí bàtà sí ibòmíì. Fún ẹni tó bá ń kọminú nítorí ìdọ̀tí táyà lórí kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìnura tútù kan lẹ́nu ilẹ̀kùn ti tó láti nu àwọn táyà náà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ bá bèèrè pé ṣé dandan ni, ẹ sọ fún un pé òfin àpapọ̀ tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, fún gbogbo ilé tó ṣí sílẹ̀ fún aráàlú ní ọdún 5 láti fi ṣàtúnṣe. Ọdún 5 náà ti pé láti oṣù kìn-ín-ní 2024. Ní ti ilé tuntun, òṣìṣẹ́ tó bá buwọ́ lu pláànì tí kò bá òfin mu lè san ó kéré tán mílíọ̀nù kan náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí méjèèjì.

Àfín ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 7. Ìyá ọkọ mi ní mi ò gbọdọ̀ fún un níyọ̀, pé iyọ̀ ló ń mú egbò yọ sí i lára. Tíṣà rẹ̀ náà tún ń sọ pé ọ̀lẹ ni, pé kì í kọ ohun tó wà lójú pátákó. — Ìyá ọmọ, Abẹ́òkúta

Ẹ fún un níyọ̀ bí ẹ ṣe ń fún àwọn ọmọ yòókù. Oòrùn ló ń fa egbò yẹn. Èròjà kan wà tó ń mú awọ dúdú, òun náà ló ń gba oòrùn dúró fún wa. Kò sí lára àfín, tàbí kó kéré púpọ̀. Kí ọmọ tó lè jẹ́ àfín, bàbá àti ìyá ní láti jọ gbé àbùdá rẹ̀ sára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì dúdú bí kóró iṣin. Bí wọ́n bá sì jọ gbé e, ìdá kan nínú mẹ́rin ni nígbà kọ̀ọ̀kan tí ìyá bá lóyún. Ẹ bá wa fi ọgbọ́n sọ èyí létí ìyá ọkọ yín, torí ó jọ pé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n di ẹ̀bi rù.

Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni òrìṣà ni àfín, abuké àti arọ. Ọbàtálá ló ni wọ́n, ẹni tó bá sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ìjà Ọbàtálá ló ń wá. Oúnjẹ Ọbàtálá kì í níyọ̀, ó sì jọ pé ibẹ̀ ni èèwọ̀ náà ti yà dé orí àwo ọmọ yín. Ọ̀wọ̀ yẹn dára, kí ẹ dì í mú. Ọbẹ̀ aláìníyọ̀ lẹ máa fi sílẹ̀.

Ohun tó nílò: ìpara ìdáàbòbò oòrùn tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára. Ẹ fi pa á ní ìṣẹ́jú 20 kó tó jáde, kí wọ́n sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì tó bá wà níta. Fún ojú àti ọrùn, ẹ tẹ ìpara náà sórí ìka méjì láti ìdí dé orí. Ìwọ̀n tó yẹ nìyẹn. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń fi pa tó bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdí nìyẹn tó fi dà bí ẹni pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra lọ́jà: orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n ń to ìpara tó ń bó ara sí, páálí wọn sì jọra. Fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 3 yíká, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Egbò tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láì jinná, ẹ gbé e lọ bá dókítà awọ ara, ẹ má dúró de pé kó dùn ún.

Ní ti pátákó, ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kò rí i ni. Àìtó èròjà yẹn ń dé inú ojú pẹ̀lú: kì í ríran jìnnà, ẹyinjú rẹ̀ sì máa ń mì. Awò ń ràn án lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kì í sọ ojú náà di pípé. Kí wọ́n mú un wá sí ìlà iwájú, kí wọ́n jẹ́ kó kẹ̀yìn sí fèrèsé, kí tíṣà máa ka ohun tó bá ń kọ sókè, kí ìwé ìdánwò rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́tà ńláńlá. Kí ó dúró lábẹ́ òrùlé bí wọ́n bá ń to ìlà láàárọ̀. Kò sí èyí tó máa ná ilé-ìwé lówó nínú rẹ̀.

Afọ́jú ni mí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Ajẹ́ńtì ti gba owó àyẹ̀wò ilé lọ́wọ́ mi, ó kù kí n san owó ilé. Nígbà tí láńlọ́ọ̀dù rí ọ̀pá mi, ó ní òun ò fẹ́ kí afọ́jú dáná sun ilé òun. — Ìbàdàn

Òfin 2019 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ẹnikẹ́ni tó bá ya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ nítorí ipò ara rẹ̀ lè san 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni, mílíọ̀nù kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yin fúnra yín lè pè é lẹ́jọ́ fún owó gbà-má-bínú, ì báà jẹ́ pé ìjọba dá a lẹ́bi tàbí kò dá a lẹ́bi.

Ẹjọ́ irú èyí kì í bàjẹ́ níwájú adájọ́, ibi ẹ̀rí ló ti ń bàjẹ́. Inú bí yín, ẹ bá a jà lórí fóònù, kò sí ohun tó kù. Nítorí náà, ẹ fi WhatsApp béèrè lọ́wọ́ ajẹ́ńtì ní pẹ̀lẹ́tù: «Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí wọn ò gbà mí mọ́?» Ẹnu wọn kì í dákẹ́, wọ́n á kọ ọ́ bó ṣe rí, tàbí kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ má pa á rẹ́. Lọ́jọ́ yẹn náà, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín kan tó ríran pe ajẹ́ńtì bí ẹni tó ń wá yàrá, kó béèrè bóyá ó ṣì wà. Ẹ gba rìsíìtì owó tẹ́ ẹ ti san. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ẹni tó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí láńlọ́ọ̀dù: orúkọ òfin náà, iye owó ìtanràn rẹ̀, ọjọ́ méje láti fi dáhùn. Bí kò bá dáhùn, ẹ gbé ẹ̀dà lẹ́tà àti ẹ̀rí lọ sí ọ́fíìsì National Human Rights Commission, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Wọn kì í gba owó. Legal Aid Council wà fún ẹni tí apá rẹ̀ ò ká owó lọ́yà. Àjọ àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá wà ní Àbújá, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ní tiẹ̀, LASODA, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ náà fún ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá. A ò gbà yín nímọ̀ràn láti kọ́kọ́ lọ sí tésàn: ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gbèsè, wọ́n á ní kí ajẹ́ńtì dá owó yín padà, kí ẹ máa lọ.

Ẹ ò sì jẹ láńlọ́ọ̀dù náà ní àlàyé bí afọ́jú ṣe ń dáná.

Wọ́n fún bàbá wa ní kẹ̀kẹ́ arọ níbi àjọyọ̀ kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń jókòó sí i, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ìdí wọn ti ń dégbò, táyà iwájú sì ń rì sínú iyẹ̀pẹ̀. — Ọmọ bàbá, Ìkirè

Egbò ìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Kí bàbá kúrò lórí kẹ̀kẹ́ náà títí tí yóò fi san. Kí wọ́n máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì, kí nọ́ọ̀sì sì wò ó. Ẹ má fi ororo gbígbóná ra á, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń kú, ìfọwọ́rà á mú un yára ni. Lára aláwọ̀ dúdú, ojú lè má tètè rí i: ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ibi tó bá gbóná tàbí tó le ju àyíká rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló fẹ́ bẹ́.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sábà ń pín, íǹṣì 18 ni ìjókòó rẹ̀, ti ilé ìwòsàn ni, fún títi aláìsàn láti yàrá kan dé èkejì. Bàbá tó bá tín-ín-rín á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn á wọ́, ọwọ́ ò sì ní dé táyà dáadáa. Kí wọ́n jókòó sórí àga líle, kí ẹ na ìwé ńlá méjì dúró mọ́ ìbàdí wọn lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ wọn àárín ìwé méjèèjì: fífẹ̀ ìjókòó nìyẹn, àfikún rẹ̀ kó má ju íǹṣì kan sí méjì lọ. Ẹ wọ̀n láti ẹ̀yìn ìdí dé kọ̀rọ̀ orúnkún, ẹ yọ íǹṣì 2 kúrò: jíjìn ìjókòó nìyẹn. Bí ìjókòó bá jìn jù, á máa gé wọn lẹ́yìn orúnkún, wọ́n á yọ̀ síwájú kí wọ́n lè sinmi, ìyọ̀síwájú yẹn gan-an ló ń bó awọ ìdí. Ẹ wọ̀n láti kọ̀rọ̀ orúnkún dé gìgísẹ̀ pẹ̀lú bàtà: ibi tí ẹ máa so ibi ìgbẹ́sẹ̀lé mọ́ nìyẹn. Bó bá ga jù, orúnkún á gbé sókè, gbogbo ìwúwo ara á bọ́ sórí ìdí.

Ẹ ò ní láti dá kẹ̀kẹ́ náà padà. Bó bá fẹ̀ jù, ẹ fi fóòmù líle tí ẹ fi aṣọ bò dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bó bá jìn jù, ẹ fi ìrọ̀rí líle sí ẹ̀yìn. Tìmùtìmù ìjókòó, kó nípọn tó íǹṣì 3 sí 4, kó sì jẹ́ fóòmù líle. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ á pẹlẹbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ dán an wò: nígbà tí bàbá bá ti jókòó, ẹ ki ìka sí abẹ́ egungun ìdí wọn lórí tìmùtìmù. Bí ìka bá lè mì sókè sódò díẹ̀, ó dára. Bí ẹ bá lè fà á yọ ṣùgbọ́n tí kò lè mì, ẹ fi fóòmù kún un. Bó bá há pinpin, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lò ó.

Tìmùtìmù tó dára jù lọ pàápàá ò sọ pé kéèyàn má mira. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí wọ́n fi ọwọ́ ti ara wọn sókè, tàbí bí ọwọ́ ò bá lágbára, kí wọ́n tẹ̀ síwájú kí àyà wọn súnmọ́ itan fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì.

Ní ti iyẹ̀pẹ̀, táyà kékeré líle ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lè bá yín pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó tó íǹṣì 8, tó sì fẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó ń tì í kó fa kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn kọjá ibi iyẹ̀pẹ̀, kó gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa fi ẹ̀yìn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ táyà ẹ̀yìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: bó bá rọ̀, kì í ṣe títì nìkan ló máa le, bíréèkì náà ò ní dì í mú, torí ara táyà ni bíréèkì ń tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti pààrọ̀ bíréèkì tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló yẹ kí wọ́n fẹ́.

Ẹ̀yin olóṣèlú àti ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ ń to kẹ̀kẹ́ arọ síwájú kámẹ́rà, ẹ bá wa wọn ìdí èèyàn kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́.

Mo fa afọ́jú kan lọ́wọ́ sọdá títì, ó bínú sí mi. Ṣé èèyàn ò gbọdọ̀ ṣoore mọ́ ni? — Ṣàgámù

Bóyá kò fẹ́ sọdá ni. Ẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: «Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé ẹ fẹ́ sọdá?» Bó bá gbà, ẹ na ìgúnpá yín sí i. Òun ni kó di yín mú, lókè ìgúnpá díẹ̀, kí ẹ fi ìdajì ìgbésẹ̀ ṣíwájú; á máa mọ̀ láti ara yín ìgbà tẹ́ ẹ bá yà tàbí tẹ́ ẹ bá dúró. Bí ẹ bá wá lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́ ẹ ń tì í, òun lẹ fi ṣíwájú sínú kòtò nìyẹn. Ẹ má di ọ̀pá rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ ni. Bí àtẹ̀gùn bá wà, ẹ sọ bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ sọ pé ẹ ń lọ, kó má máa bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má sì fi náírà sí i lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ibi iṣẹ́ ló ń lọ.

Ọmọkùnrin wa ti pé ọdún 3, kì í gbọ́ràn. Dókítà ní ká ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ká má kọ́ ọ ní èdè àwọn adití, pé tó bá ti mọ̀ ọ́n, kò ní sọ̀rọ̀ láéláé. — Bàbá àti ìyá, Adó-Èkìtì

Irọ́ ni. Èdè tí ọmọ fọwọ́ sọ kì í dí ẹnu rẹ̀. Ohun tó ń ṣèpalára ni kí ọmọ pé ọdún 5 tàbí 6 láìní èdè kankan, kó má lè sọ pé inú ń run òun, kó má mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè «kí ló dé». Àwọn ọdún àkọ́kọ́ láyé ni ọpọlọ ń gba èdè jù. Ìgbà tó bá kọjá, kíkọ́ rẹ̀ á le gan-an. Ẹ ṣe méjèèjì pa pọ̀: ẹ̀rọ fún etí, èdè fún ọwọ́.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé wọ́n ti ṣàyẹ̀wò etí náà nílé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun, torí ìdọ̀tí tó dí etí tàbí omi tó dúró sínú rẹ̀ lè pa ìgbọ́ràn, wọ́n sì ṣeé wò. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ, ẹ béèrè iye bátìrì: ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ọ̀kan sábà máa ń lò. Ike tí wọ́n wọ̀n sínú etí ọmọ gbọ́dọ̀ di tuntun bíi oṣù mẹ́fà mẹ́fà nítorí etí ń dàgbà. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń súfèé, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ike ló ti kéré. Níbi súfèé yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ju ẹ̀rọ sínú dúrọ́ọ̀.

Èdè àwọn adití tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà tan mọ́ ti Amẹ́ríkà, torí Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ràn, ló dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, kó tó dá òmíràn sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá: jẹun, omi, wá, oorun, ó ń dùn mí, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, màmá, bàbá, sí i, ó tán. Gbogbo ilé ló máa kọ́ ọ, ìyá àgbà àti ọmọ ọ̀dọ̀ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ìyá nìkan ló gbọ́ èdè ọmọ, àlejò lọmọ náà jẹ́ nínú ilé nígbà tí ìyá bá lọ sọ́jà. Ẹ kọjú sí i kí ẹ tó sọ̀rọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú yín kó má wà lẹ́yìn yín, ẹ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ tàbí kí ẹ tan iná kí ẹ pa á láti fi pè é.

Tíṣà tó mọ iṣẹ́ yìí wà nítòsí: láti 1977 ni Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ wọn. Òfin 2019 ní kí ẹ̀kọ́ akàndá ẹ̀dá jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama, ó sì ní kí ilé ìwòsàn ìjọba pèsè ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ fún ẹni tí kì í gbọ́ràn. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá dàgbà tó bá dá lọ rí dókítà, kì í ṣe iṣẹ́ yín láti lọ ṣògbufọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n má pè é ní odi lójú yín, kí ẹ sì dákẹ́.

Orí àtẹ̀gùn ilé-ìwé kan ni ibùdó ìdìbò wa wà, ọ̀pá méjì ni mo fi ń rìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì jẹ́ afọ́jú. Nígbà tó kọjá, aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló bá a tẹ̀ka. — Ìlọrin

Ìyẹn ò bófin mu. Òfin ìdìbò sọ pé ẹni tí kò ríran lè mú ẹni tó wù ú wọlé láti bá a tẹ̀ka. Ẹ̀gbọ́n yín ló máa yàn án, kò sí òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ tó lè yan ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ dá tẹ̀ka láìsí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n béèrè fún páálí Braille (ìkọ̀wé tí afọ́jú ń fọwọ́ kà) ti INEC, èyí tí wọ́n ń ki ìwé ìdìbò sí nínú, tí ihò rẹ̀ bọ́ sí ojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ti fọwọ́ kà á dáadáa kí wọ́n tó ki ìwé sínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń ṣì í jù ni ìgbà tí ìwé náà kò bá wọlé dé ìsàlẹ̀, ihò á fi ìlà kan yẹ̀. Kí wọ́n ti ìwé sísàlẹ̀ títí yóò fi kan etí, kí wọ́n tó ka ihò láti òkè.

Ní tiyín, ẹ má dúró de ọjọ́ ìdìbò. Nígbà tí INEC bá ṣí ìforúkọsílẹ̀, ẹ lè gbé orúkọ yín lọ sí ibùdó tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kí ẹ sì rí i pé òṣìṣẹ́ kọ irú ìpèníjà yín sílẹ̀, torí ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ ni wọ́n ń kó páálí Braille àti gíláàsì ìfẹlẹ́tà lọ. Bí ẹ ò bá fẹ́ kúrò ní ibùdó yín, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì INEC ìjọba ìbílẹ̀ yín pé kí wọ́n gbé àpótí wá sí ìsàlẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé náà. Ẹ fi nọ́ńbà ibùdó àti fọ́tò àtẹ̀gùn náà sínú lẹ́tà, kí wọ́n sì buwọ́ lu ẹ̀dà tẹ́ ẹ máa mú lọ sílé. Lọ́jọ́ náà, ẹ má tò: òfin 2019 ní iwájú ìlà ni ẹ máa lọ.